Kọ̀ Kí N Tó Kọ́

Ní Harlingen, níbi tí òkun ti ń wo òrùlé ilé láti òkè,
nínú yàrá kan tó ń rùn fún ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi,
ni mo ti bá Wietske ṣiṣẹ́,
obìnrin tí kì í bọ́ kóòtù òjò kó tó tan kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ wa kò le láti sọ:
kí ilẹ̀kùn omi tì bí òkun bá ń bọ̀,
kí ó ṣí bí òkun bá padà sílé.
Mo ní, "Jẹ́ kí n kọ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, mo ti parí."
Ó ní, "Parí kí ni? Ta ló ti bi ọ́ ní nǹkan?"

Ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo:
bí omi bá ga ní mítà mẹ́ta, ṣé ilẹ̀kùn ti tì?
Kò sí ilẹ̀kùn. Kò sí omi.
Ìbéèrè nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ,
àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí a kò tíì kọ́.
Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó he owó.

Ó kọ ìlà mẹ́ta. Ó di àwọ̀ ewé.
Ó tún bi í ní òmíràn. Pupa.
Ìlà méjì. Ewé.
Bí a ṣe ń lọ nìyẹn, bí ẹni ń rìn lórí adágún tó di yìnyín:
ẹsẹ̀ kan a tẹ̀ ẹ́ wò kí ara tó tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo pàdé ìbéèrè tí kò ṣeé bi.
Kí ni ilẹ̀kùn yóò ṣe ní agogo mẹ́ta òru?
Mo ti gbé aago pamọ́ sí ikùn ètò náà,
ó so mọ́ ìfun, ó so mọ́ ẹ̀dọ̀,
àfi kí n jókòó títí agogo mẹ́ta òru yóò fi lù.
Mo bínú. Mo ní ìdánwò ló ń yọ wá lẹ́nu.
Wietske fi etí súwẹ́tà nu awò ojú rẹ̀:
"Bí aṣọ bá fún ọ lọ́rùn,
ṣé dígí tó fi hàn ọ́ lo máa fọ́?
Yọ aago náà. Gbé e fún un láti ìta."
Mo fà á yọ. Ohun mẹ́ta bá a jáde
tí n kò mọ̀ pé mo ti so pọ̀.
Ètò náà mí kanlẹ̀.
Mo ti rò pé ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ni ìbéèrè;
àṣé òun ló ń fa ìlà ìpìlẹ̀.

Foppe, ọmọ ìkọ́ṣẹ́, kọ tirẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan.
Ewé, lẹ́ẹ̀kan náà! Ó jó yí àga ká.
Wietske kò jó. Ó pa gbogbo kóòdù ilẹ̀kùn rẹ́.
Ewé náà ni.
"Ẹlẹ́rìí tó ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí a tó bi í," ló sọ,
ó sì lọ po kọfí.

Oṣù kìíní, ìjì jà, ilẹ̀kùn kò tì tán.
Yìnyín ti wọ inú àgbékọ́ rẹ̀.
Nínú irínwó ìbéèrè wa, kò sí èyí tó dárúkọ yìnyín.
Wọ́n ń pè wá lórí fóònù, wọ́n ń pariwo;
Wietske kò kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe.
Ó kọ yìnyín sílẹ̀ ní ìbéèrè, ó dúró kó pọ́n.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìwé pélébé kan ló lẹ̀ mọ́ tábìlì mi:
Kọ ọ́ kí o tó kọ́ ọ.
Bí kò bá kọ̀, o kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ yìí.
Mo ti jókòó tipẹ́ kí n tó rí i
pé kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi,
pé ojú kọ̀ǹpútà pọ́n,
pé mo ń rẹ́rìn-ín.